Ọmọ Ọdún 16 Tó Dùbúlẹ̀ Bí Òkú Nítorí Pé Ó Fẹ́ Mọ Ẹni Tí Òun Ń Ṣe

Kò sí àìsàn kankan lára ọmọ náà. Ó jẹun, ó mumi, ara rẹ̀ le bí ọta. Àárín oṣù Keje ọdún 1896 ni, ní ìlú Madurai, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Ọmọ ọdún 16 ni, Venkataraman ni wọ́n ń pè é. Òun nìkan ló jókòó nínú yàrá òkè nílé àbúrò bàbá rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù ikú dé bá a lójijì. Kì í ṣe ẹ̀rù kékeré o. Ó dá a lójú gbangba pé òun ń kú lọ nìyẹn.

Ọmọ mìíràn ì bá figbe ta, kó já wálẹ̀ lọ bá àwọn àgbà, kí wọ́n sáré wá dókítà. Òun kò pe ẹnì kan. Ńṣe ló nà gbalaja sílẹ̀, ó na ọwọ́ na ẹsẹ̀ gan-an bí òkú tó ti le, ó pa ẹnu dé, ó sé èémí. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ó ní ó dáa, ikú ti dé, kí ló ń kú? Ara yìí ni. Wọn yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sun òkú, yóò jóná, yóò deérú. Ṣùgbọ́n òun tí òun ń wo ara tó gan yìí ńkọ́? Bí ara bá kú, ṣé òun náà ti kú nìyẹn?

Ibẹ̀ ló ti rí i pé ohun kan wà tí kò bá ara kú, àti pé ohun náà gan-an ni òun. Ìgbà tó dìde, ẹ̀rù ikú ti fi í sílẹ̀, kò sì tún padà wá bá a mọ́ títí ó fi di arúgbó.

Ọmọ yìí ni ayé wá mọ̀ sí Ramana Maharshi lẹ́yìn ọ̀la. Ìdílé Brahmin ni wọ́n bí i sí, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Tiruchuli, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1879. Bàbá rẹ̀ a máa bá àwọn ará ìlú rojọ́ ní kóòtù, wọ́n rí jẹ, wọ́n rí mu. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ju ọdún 12 lọ tí bàbá fi kú, ilé sì tú. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wọn ní Madurai. Ìyá wọn, Alagammal, kó àwọn kékeré lọ sọ́dọ̀ ẹbí mìíràn. Ẹni tó bá ti rí òkú bàbá rẹ̀ ní kékeré, ọ̀rọ̀ ikú kì í ṣe ohun tó ń fetí gbọ́ lásán.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí ẹnu bá ti dárúkọ Íńdíà, ohun tó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni sinimá olórin, tùràrí àti òrùka agbára. Ẹni tó bá ń wá òrùka kò ní rí i nínú ìtàn yìí. Ọkùnrin yìí kò ta oògùn rí, kò sọ pé òun lè mú owó wá láti inú afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń wá agbára abàmì, ó máa ń sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣìnà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní lọ́wọ́: ta ni mí?

RÚPÌ 3 ÀTI YẸTÍ WÚRÀ

Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ ti yí padà. Bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn àti ìjàkadì tó máa ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, kò wù ú mọ́. Bí wọ́n bú u, kò ní fèsì. Oúnjẹ tó dùn àti èyí tí kò dùn, ọ̀kan náà ni lẹ́nu rẹ̀. Ìwé kò sì wọlé sí i lórí mọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, wọ́n ní kó da iṣẹ́ gírámà Gẹ̀ẹ́sì kan kọ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé kò mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sú u, ó ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dijú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wò ó bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, pé kí ni irú ẹni báyìí tún ń fi ilé àti ìwé ṣe?

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ní òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun sọ. Ó dìde, ó parọ́ pé òun ní kíláàsì kan láti lọ. Ẹ̀gbọ́n ní bó bá ń lọ, kó gba rúpì 5 nísàlẹ̀, kó bá òun san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì òun. Ìyàwó àbúrò bàbá bu oúnjẹ fún un, ó sì kó owó lé e lọ́wọ́. Ọmọ yọ rúpì 3, ó fi 2 sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé kan.

Ìwé náà gan-an yẹ ní wíwò. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti lọ wá Bàbá òun, bí Bàbá náà ti pàṣẹ, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárò, kí wọ́n má sì náwó wá òun. Kò gbàgbé láti sọ pé owó ilé ìwé ẹ̀gbọ́n kò tíì san, pé rúpì 2 rèé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: "èmi" ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, nígbà tó dé àárín, kò pe ara rẹ̀ ní "èmi" mọ́, "èyí" ló ń pè é. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀ tó yẹ kó fọwọ́ sí i, ó fa ìlà kan lásán. Kò sí orúkọ níbẹ̀.

Arunachala ló ń lọ, òkè mímọ́ kan tó wà ní ìlú Tiruvannamalai. Ní ọdún tó ṣáájú ni mọ̀lẹ́bí wọn àgbàlagbà kan dárúkọ ibẹ̀ létí rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ọ̀run ló rò pé Arunachala wà, kò mọ̀ pé ènìyàn lè wọ rélùwéè débẹ̀! Máàpù àtijọ́ ló sì wò, èyí tí kò ní ojú irin tuntun nínú, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì ibòmíràn ló já. Bàbá onírùngbọ̀n funfun kan, àlùfáà Mùsùlùmí, ló wà nínú ọkọ̀ tó fọ̀nà hàn án, pé ní Viluppuram ni kó ti sọ̀kalẹ̀, kó wọ òmíràn.

Owó tán lọ́nà, ó fẹsẹ̀ rìn títí ebi fi dá a dúró. Ó bá yọ yẹtí etí rẹ̀ méjèèjì, wúrà tí wọ́n fi òkúta pupa sí, tí iye rẹ̀ tó bí rúpì 20, ó fi dógò lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ṣe é lálejò, ó yá rúpì 4. Ọkùnrin náà kọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún un, pé ìgbàkígbà tó bá rówó kó wá gbà á. Ẹ̀yin aláwúrà, ẹ rọra o: bó ṣe kúrò níbẹ̀ báyìí ló fa ìwé náà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ló dé Tiruvannamalai. Ó wọ ilé òrìṣà ńlá tó wà níbẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, ó fá orí, ó da owó tó kù sínú adágún omi, ó já okùn mímọ́ tí àwọn Brahmin máa ń fi kọ́ èjìká sọnù, ó fa aṣọ ya, ó fi díẹ̀ ṣe bàǹtẹ́. Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 54, kò kúrò ní ìlú náà mọ́.

Àwọn ọmọ ìta ń sọ ọ́ lókò. Ó bá sọ̀kalẹ̀ lọ sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan nínú ilé òrìṣà náà, tí oòrùn kì í dé. Èèrà àti kòkòrò ń jẹ itan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ọyún ń jáde, kò mọ̀. Àwọn ènìyàn ló wọlé lọ gbé e jáde. Àpá rẹ̀ wà lára rẹ̀ títí ó fi kú.

ÌYÁ DÉ

Ó lé ní ọdún méjì tí ìyá fi ń wá ọmọ. Nígbà tí olobó ta wọ́n, àbúrò bàbá kan ló kọ́kọ́ lọ, ó bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́, ọmọ kò dáhùn. Ní àkókò Kérésìmesì ọdún 1898 ni Alagammal fúnra rẹ̀ wá, òun àti ọmọ rẹ̀ àgbà. Lórí àpáta ni wọ́n ti bá a, irun rẹ̀ ti dì, èékánná rẹ̀ ti gùn jáì-jáì, ìdọ̀tí ti bo gbogbo ara. Síbẹ̀ ìyá dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lójoojúmọ́ ni ìyá ń gbé oúnjẹ dídùn gun òkè lọ bá a. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sọ fún un pé kó wo ojú opó. Ọmọ jókòó bí òkúta. Lọ́jọ́ kan ìyá bú sẹ́kún lójú gbogbo ènìyàn, ó ní kí wọ́n bá òun bẹ ọmọ òun. Ẹnì kan nínú wọn wá fún un ní bébà àti pẹ́ńsù, pé bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbà á, ó kọ̀wé. Ohun tó kọ ni pé Ẹlẹ́dàá ló ń darí oníkálukú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ bó ti wù kí ènìyàn sá sókè sá sódò, èyí tó sì máa ṣẹlẹ̀ kò sẹ́ni tó lè dí i. Nítorí náà, kí ènìyàn dákẹ́ ló dára jù.

Àwọn Yorùbá tó ní àyànmọ́ kò gbóògùn, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí wọn. Ṣùgbọ́n bébà kì í gbá ìyá mọ́ra. Alagammal sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ó padà sílé tòun ti ẹkún. Obìnrin tó bá ti lóyún rí lè bínú sí ọmọ yìí, kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi.

OKÙN TÓ DI EJÒ

Kí wá ni ọmọ náà rí tó ju ìyá lọ? Ní ọdún 1902, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Sivaprakasam Pillai, gun òkè lọ bi í ní ìbéèrè yẹn gan-an: ta ni mí? Nígbà náà Ramana kì í sọ̀rọ̀, ìkọ̀wé ló fi ń dáhùn. Àwọn ìdáhùn náà ni wọ́n wá kó jọ di ìwé kékeré kan tí wọ́n ń tà títí di òní. Ní ọdún 1907 ni ọ̀mọ̀wé kan, Ganapati Muni, sọ ọ́ lórúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe tuntun. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan sẹ́yìn tí ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Shankara ti ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Àpèjúwe tí wọ́n fi ń ṣe é ni ti ẹni tó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tó rí ejò tó ká lójú ọ̀nà. Àyà rẹ̀ ń já, ó ń làágùn, ó ń kígbe. Wọ́n gbé fìtílà dé, àṣé okùn ni! Ibo ni ejò lọ? Kò lọ síbì kankan, kò fìgbà kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òógùn tó jáde lára rẹ̀, òótọ́ ni. Ohun tí àwọn Híńdù ń pè ní maya nìyẹn. Kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan nílẹ̀. Okùn kúkú wà níbẹ̀. Pé a rí okùn, a ní ejò ni, lọ̀rọ̀ náà.

Ta ló wá sọ okùn dejò? Ọkàn ni. Ramana ní ọkàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan tó dá dúró, èrò lóríṣiríṣi tó kóra jọ ni. Ẹ fi ọjà alẹ́ wò ó. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ á ní ọjà ńlá ni: ariwo, iná, ìjà, owó. Bí oníkálukú bá palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́ tó lọ, níbo ni ọjà wà? Ilẹ̀ lásán ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn. Èrò tó sì kọ́kọ́ ń pàtẹ láàárọ̀, tí gbogbo ìyókù ń tẹ̀ lé, ni "èmi": èmi ni mo nìsọ̀, èmi ni wọ́n bú, èmi ni wọ́n jẹ lówó. Ramana ní kí ènìyàn má bá èrò ìyókù jà. "Èmi" yẹn ni kó gbá mú, kó bi í pé ibo lo ti wá?

Ó tún fi oorun ṣe àpèjúwe. Ẹni tó jẹ gbèsè, bó bá sùn wọra tí kò lálàá, gbèsè dà? Olówó dà? Òun tìkára rẹ̀ tó ń jẹ́ Lágbájá dà? Síbẹ̀ bó bá jí, yóò ní òun sùn dáadáa. Ẹni tó mọ̀ pé oorun náà dùn, òun lẹni tí Ramana ní ká wá.

Ìtàn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn. Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá kan la odò kọjá. Wọ́n gúnlẹ̀, ọ̀kan ní kí òun ka ara àwọn wò, bóyá odò gbé ẹnì kan lọ. Ó kà á, mẹ́sàn-án ni. Òmíràn kà á, mẹ́sàn-án náà ni. Wọ́n bú sẹ́kún. Ẹni tó ń kọjá lọ rí i pé ńṣe ni oníkálukú ń gbàgbé láti ka ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tò, ó ń fún wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ níkọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá jẹ ẹ̀ṣẹ́ máa kà. Ó pé mẹ́wàá. Ẹni kẹwàá kò ti ibì kankan dé, kò sì sí ohun tí wọ́n ṣe tó fi padà wá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo Híńdù ló gbà báyìí o. Ramanuja, tó gbé ayé lẹ́yìn Shankara, ní irọ́ ni, ayé kì í ṣe ẹ̀tàn, ara Ọlọ́run ni. Madhva tó tún wá lẹ́yìn rẹ̀ ní Ọlọ́run lọ́tọ̀, ènìyàn lọ́tọ̀, títí láé ni. Títí di òní, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ṣì ń bá ara wọn jiyàn.

Ìbéèrè aláìlówó tún wà níbẹ̀: bí ayé bá jẹ́ ẹ̀tàn, kí ló dé tí ebi fi ń pa ni? Èsì Ramana ni pé bí ebi bá pa ènìyàn lójú àlá, oúnjẹ ojú àlá ló ń jẹ tó fi ń yó. Èsì yìí gún régé. Àmọ́ obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún ebi lè má gbà á, kò sì sí ohun tó burú nínú kó má gbà á.

ÀLÙBỌ́SÀ ÌYÁ ÀGBÀ

Alagammal kò yé wá wo ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1914 tó wá, ibà taífọ́ọ̀dù gbé e dálẹ̀. Ramana jókòó tì í tọ̀sán tòru, ó sì kọ orin ẹ̀bẹ̀ sí Ọlọ́run pé kó gba ìyá òun. Ọkùnrin tó ti kọ̀wé pé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kò ṣeé dí, òun náà ló ń bẹ̀bẹ̀ báyìí! Ara ìyá yá. Ní ọdún 1916, ó kó ẹrù rẹ̀, ó wá ń gbé pẹ̀lú ọmọ lórí òkè pátápátá.

Kí ìyá tó dé, oúnjẹ tí wọ́n bá tọrọ nílùú ni wọ́n ń jẹ. Òun ló dáná síbẹ̀. Ó ń dun ìyá pé ọmọ ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn ju òun lọ, Ramana á ní gbogbo obìnrin ni ìyá òun, kì í ṣe òun nìkan. Ọ̀rọ̀ líle! Àmọ́ ó tún máa ń bá a ṣàwàdà. Àwọn Brahmin irú ìyá kì í fọwọ́ kan àlùbọ́sà. Bó bá ti rí àlùbọ́sà, Ramana á ní kó ṣọ́ra, àlùbọ́sà yìí ló máa dènà ọ̀run mọ́ ọn!

Ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1922 ni ọlọ́jọ́ dé. Láti àárọ̀ ni Ramana ti jókòó tì í, ọwọ́ kan lórí, ọwọ́ kan láyà, títí alẹ́ fi lẹ́, tí ìyá fi dákẹ́. Ó dìde, ó ní kí wọ́n wá jẹun, pé kò sí èèwọ̀ òkú níbẹ̀. Àwọn Híńdù a máa sun òkú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbà pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ayé pátápátá, sísin ni wọ́n ń sin ín. Sísin ni wọ́n sin Alagammal, ní ẹsẹ̀ òkè náà. Ojoojúmọ́ ni ọmọ ń sọ̀kalẹ̀ wá síbẹ̀. Nígbà tó di ìparí ọdún yẹn, ó sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò gòkè padà mọ́. Bí ilé àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, létí sàréè ìyá.

ṢÉ KÍ A PA IṢẸ́ TÌ NI?

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló wá bá a pé àwọn fẹ́ fi ìyàwó àti iṣẹ́ sílẹ̀, kí àwọn wọ igbó lọ. Kì í gbà fún wọn. Ó máa ń ní ọkàn tí wọ́n gbé láti ilé ló máa tẹ̀ lé wọn dénú igbó. Òun tó sá nílé ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Èyí lè rí bí ọ̀rọ̀ àgàbàgebè, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé kò sí ibi tí ènìyàn kò ti lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn, ìbáà jẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí nídìí àtẹ.

Òun fúnra rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń wà ní ilé ìdáná, tó ń gé ẹ̀fọ́, tó ń lọ ata. Bí hóró ìrẹsì kan bá bọ́ sílẹ̀, yóò ṣà á. Bí wọ́n bá fẹ́ bu oúnjẹ tó dára ju ti àwọn tó kù lọ fún un, yóò kọ̀ ọ́. Nígbà tí sinimá dé, ó sọ ọ́ di àpèjúwe: iná ń jó nínú àwòrán, aṣọ funfun tí wọ́n ń tan àwòrán sí kò gbiná, òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀, aṣọ náà kò tutù. Aṣọ yẹn ni ẹni tí a jẹ́ gan-an.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Paul Brunton, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1931. Ìwé tó gbé jáde ní 1934 ló gbé òkìkí rẹ̀ dé òkè òkun, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá.

Ní ìparí ọdún 1948, kókó kékeré kan yọ ní ìgúnpá ọwọ́ òsì rẹ̀. Àìsàn jẹjẹrẹ ni. Ìgbà mẹ́rin ni àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọdún 1949, ó ń padà hù. Wọ́n ní kí àwọn gé ọwọ́ náà, kò gbà. Àwọn ènìyàn ń sunkún yí i ká, ó ń bi wọ́n pé ibo gan-an ni wọ́n rò pé òun fẹ́ lọ. Ìrora náà kì í ṣe ẹ̀tàn o. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ tó ń kérora lóru. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1950, ní aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 47, ó dákẹ́. Ẹni ọdún 70 ni. Ayàfọ́tò ará Faransé nì, Cartier-Bresson, wà nílùú náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì sọ pé ní àkókò yẹn gan-an ni òun rí ìràwọ̀ kan tó tàn yòò, tó rọra kọjá lójú ọ̀run lọ sí ìhà òkè Arunachala.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti parí ilé òrìṣà tí wọ́n kọ́ sórí sàréè Alagammal ní ọdún tó ṣáájú. Nígbà tó di pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tiẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí.